Òkúta Mẹ́rìnlá, Ìṣísẹ̀ Méjìlélógún

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ta omi ìlú, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá rí mi, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Àwọn oníbíríkì ń sọ ọ́, àwọn aṣẹ́gi ń sọ ọ́, àwọn obìnrin tó ti bá ìyá mi fọṣọ rí pàápàá ń sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó sọ ọ́ tán, kó má bù ú sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti sọ ọ́ fúnra mi.

Bàbá Olókùúta ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń fọ́ òkúta tà o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba fa ṣéènì, ṣéènì irin gígùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Níbi tí ṣéènì ò bá lè dé, bóyá inú ẹ̀gún tàbí orí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Á kó òkúta wẹ́wẹ́ sápò ọ̀tún. Bó bá ti rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, á mú òkúta kan nínú àpò ọ̀tún, á jù ú sí tòsì. Bó bá débi tó ń lọ, á ka èyí tó wà lápò òsì, á fi ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ tó ṣẹ́ kù lé e, ó parí. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ a máa fi téèpù tún un wọ̀n láti fi dán an wò. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kì í ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Bó ṣe ń wọn ilẹ̀ náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Bí o bá bi í pé ṣé aṣọ yìí yẹ ọ́, á ní kò yẹ ọ́, á tún fi ìka tọ́ka sí ibi tí kò ti yẹ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọkọ mi wálé, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí ò burú, àmọ́ ọ̀lẹ ni." Ojú ti gbogbo wa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo kó ẹrù mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì ti kìlọ̀ fún Bàbá kó tó wọlé pé kó má wulẹ̀ la ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú gba tiẹ̀ gbọ́. Bí ẹni méjì bá ń jà lórí ààlà, wọn kì í lọ sí kóòtù, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń wá. Ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e.

Ìyá mi ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Alágbàfọ̀ ni. Yàrá iwájú ni mo ti ń lọ aṣọ, ẹ̀yìnkùlé ni òun àti obìnrin mẹ́rin ti ń fọ̀ ọ́: aṣọ ìtẹ́bùsùn ilé ìwòsàn, aṣọ iléèwé, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Yàrá náà máa ń gbóná bí inú ààrò, òórùn sitáàṣì ò sì kúrò lára ògiri rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi ẹ̀rọ bá dákẹ́ tí àwọn kànga sì ku ẹrẹ̀, gbogbo alágbàfọ̀ ìlú ló ń ti ilẹ̀kùn. Ti ìyá mi ò tì rí. Ohun tí ilé ìwòsàn ṣe ń kó aṣọ wọn wá bá a nìyẹn, ohun tí a sì fi ń jẹun nìyẹn.

Omi kan wà tó ń sun ní ìdí àpáta, lórí ilẹ̀ ìjọba lẹ́yìn ìlú. Ìyá ìyá mi, tí òun náà fọṣọ dọjọ́ ikú, ló fi han ìyá mi. Igbó bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin márààrún yẹn á lọ ní méjì-méjì ní ìdájí, wọn kì í sì í gba ibì kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kí koríko lè ráyè dìde, kí ojú ọ̀nà má baà là. Wọn ò sọ fún ọkọ, wọn ò sọ fún ọmọ. Bàbá nìkan ni ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e débẹ̀.

Ilẹ̀ ìjọba yẹn, ká má parọ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ tán. Ohun tó bá ti jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ní í tọ́jú ẹ̀? Àwọn aṣẹ́gi ń gé igi tí kò tíì tó apá. Àwọn tó ń mọ bíríkì ń gbẹ́ amọ̀, wọ́n ń fi ihò sílẹ̀ ní gbayawu, màlúù méjì ti kó sí i. Àwọn dàràndàràn ní àwọn ò ní gbà. Ọjọ́ tí wọ́n fa àdá yọ síra wọn ni ìjọba rántí pé òun nílẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin kan ni wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì ilẹ̀. Ó ń lo awò ojú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò bá wa mú òfin wá, àwa tí à ń lo ilẹ̀ ni ká jókòó, ká fẹnu ara wa ṣètò bí a ó ṣe máa lò ó tí kò fi ní tán mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Sátidé mẹ́fà la fi pàdé nínú yàrá ìkàwé kan níléèwé ìlú. Ẹ̀ bá rí àwọn àgbààgbà lórí ìjókòó àwọn ọmọdé, tí orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n! Wọ́n tẹ́ pépà funfun kan tó fẹ̀ tó ibùsùn sílẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi ìka hàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jà, wọ́n parí ẹ̀, wọ́n tún jà. Níkẹyìn, wọ́n pín igbó sọ́nà márùn-ún, apá kan ni wọn á máa gé lọ́dún, mẹ́rin yòókù á máa sinmi. Ẹni tó bá gbẹ́ amọ̀, òun ló máa dí ihò rẹ̀. Màlúù ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Bàbá Olókùúta ni wọ́n fi ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Obìnrin aláwò ojú sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Gbogbo ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ yìí ni kó wọ inú máàpù. Ohun tó bá wọ máàpù, òfin á dáàbò bò ó. Ohun tí kò bá wọ̀ ọ́, lójú ìjọba, kò sí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá wá sí yàrá tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó jókòó sórí àpò aṣọ ilé ìwòsàn.

"Mo fẹ́ fi omi ìdí àpáta sínú máàpù," ó ní.

Ìyá mi ò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń ká. "Omi wo?"

"Àbúrò mi."

"Mo ní omi wo? Èmi ò mọ omi kankan."

"Apá kejì làwọn aṣẹ́gi máa gé lọ́dún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ lomi wà. Bí wọ́n bá gé igi tó bò ó, tí oòrùn wọlé sí i, kí lo máa sọ? Pé wọ́n gé igi lórí omi tí kò sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló jí ohun tí kò mọ ibi tó wà rí?" Ó gbé aṣọ sílẹ̀. "Àti ìgbà ìyá wa la ti ń ṣọ́ ọ."

"Nígbà ìyá wa, igi pọ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ìkíni o, ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá iléèwé, kọ́là rẹ̀ jó. Bàbá ní kó dìde. Ó ní, "Mi ò lè máa wọn ilẹ̀ kí n fo ibì kan. Bí mo bá fo ibì kan péré, gbogbo ohun tí mo ti ń wọ̀n láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ̀n ọ́n, irọ́ ni." Inú bí mi sí i. Mo rò ó títí, mi ò rí ibi tó ti jẹ̀bi. Ìyá mi ńkọ́? Òun náà ò jẹ̀bi.

Ó lọ wọ̀n ọ́n. Láti òpó ààlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléèwé dé ìdí àpáta, òkúta mẹ́rìnlá, ìṣísẹ̀ méjìlélógún. Wọ́n kọ ọ́ sínú máàpù bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé igi ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ yí i ká, àwọn alágbàfọ̀ nìkan ni yóò sì máa pọn ún. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ìyá mi ni wọ́n ń wò.

Ọdún méjì dára. Igi ń hù padà, ihò ń dí, àwọn aṣẹ́gi gan-an ló ń lé àwọn olè igi. Bàbá á máa rìn kiri ilẹ̀ náà láàárọ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni tó bí i. Á yà sílé wa, á ní, "Ṣé omi ṣì wà níbẹ̀ àbí wọ́n ti jí i?" Èmi á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á ní kó má fi òun ṣẹ̀fẹ̀, òun níṣẹ́.

Ní ọdún kẹta, ọkùnrin kan tó dé fìlà aláwọ̀ búlúù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléèwé. Ó mú pépà dání. Ó ń rìn, ó ń wo pépà, ó ń rìn, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Ìdí àpáta ló ti dúró. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga dé. Ilé iṣẹ́ olómi inú ike ni. Wọ́n ní olú ọ́fíìsì ilẹ̀ ti fún àwọn láṣẹ, nítorí ó wà nínú ètò ìlú pé omi náà wà fún "àwọn alágbàfọ̀ ìlú àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn." Alábàáṣiṣẹ́ wo? Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú yàrá ìkàwé. Olú ọ́fíìsì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kún un.

Bàbá gba ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ lé e, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá rí i fín, ẹnu tèmi á gbà á. Wọ́n ti gbé obìnrin aláwò ojú lọ sí ìlú mìíràn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ gúgúrú ló wà nídìí tábìlì rẹ̀. Ó ṣí fáìlì, ó gbọn orí, kì í ṣe ẹ̀gàn rárá, ó ń yìn ín ni.

"Bàbá, iṣẹ́ yín mọ́ o. Àwọn èèyàn yẹn ní ibòmíràn, oṣù mẹ́fà làwọn fi ń wá omi kiri. Níbí, ẹ ti bá wọn wá a."

Èmi tí mo ní ẹnu tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ìta ni mo kọjú sí. Bàbá kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa dé, ohun tó kù ní ìdí àpáta ò ju kí èèyàn fi ọwọ́ kàn án kó tutù. Kànga ẹlẹ́rọ ti fà á tán lábẹ́ ilẹ̀. Ilé ìwòsàn kó ìdajì aṣọ wọn kúrò. Obìnrin mẹ́ta lọ, ìkan ló ṣẹ́ kù, òun náà ò kúkú níbi tó ń lọ. Ìyá mi ò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ìbá sàn kó bá a jà! Á kí i ní "ẹ káàárọ̀," á kí i ní "ẹ káalẹ́," láàárín méjèèjì kò ní sọ nǹkan kan. Ọdún méjì gbáko. Mo máa ń rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà tí á máa wo inú yàrá, kó tó yí padà.

Ètò náà ti fẹ́ pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi gbé ìborùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ilé Bàbá la lọ. Yàrá kan ni, ibùsùn kan, àga kan, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lábẹ́ fèrèsé. Ìyá mi ò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi kan tún wà. Lẹ́yìn ihò amọ̀ àtijọ́. Kò tó nǹkan. Garawa kan ló ń kún lẹ́ẹ̀kan, èèyàn á wá dúró kó tún sun. Òun la fi ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn tó kù. Bí òun náà bá lọ, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn." Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Mo ti sọ tèmi."

Bàbá dìde lórí àga. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Òṣìṣẹ́ tuntun ló wá, ọ̀dọ́mọkùnrin, pépà tuntun. Ó ń mú ilẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: igbó, pápá, ọ̀nà màlúù. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀yìn ihò amọ̀ àtijọ́ ńkọ́?"

Bàbá dìde. Ó ki ọwọ́ bọ àpò òsì. Mo ń gbọ́ bí àwọn òkúta yẹn ṣe ń ró lára wọn.

"Mo ti rìn ín," ó ní. "Òkúta mẹ́fà, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá." Ó yọ ọwọ́ kúrò lápò. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ta ló máa já a nírọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ òfìfo. Ó gbé pépà wá, Bàbá fọwọ́ sí i. Ẹni àádọ́rin ọdún, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ kó aṣọ Bàbá, ó fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́. Bàbá padà wá jókòó sórí àpò aṣọ ilé ìwòsàn. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, ó ní, "Sitáàṣì yìí ti pọ̀ jù, ṣé páálí lẹ fẹ́ kí n wọ̀ ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mi ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ. Ilé iṣẹ́ olómi ń wá ibi tí wọ́n lè máa gbé lọ́rì wọn sí. Wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilẹ̀. Ọ́fíìsì ò ní fún wọn ní igbó, kò ní fún wọn ní pápá ẹran, ètò ìlú ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ètò ìlú. Wọ́n wo máàpù, wọ́n rí ilẹ̀ òfìfo kan.

Ìyá mi ti gbé garawa sábẹ́ omi náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì wálé wá mú èkejì. Ìró àwọn típà ló kọ́kọ́ dé etí wa. Ó sáré, láìwọ bàtà, mo sáré tẹ̀ lé e. Típà mẹ́ta ti tò sẹ́yìn ihò amọ̀, àkọ́kọ́ ti kọ ìdí sí ibi tí koríko ti bo omi àti garawa, típà náà kún fún òkúta wẹ́wẹ́ dé etí. Bàbá ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ó dúró sẹ́yìn típà náà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ọ̀gá àwọn onítípà mú pépà jáde. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan kan níbí. Ẹ wò ó, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i."

"Omi wà níbẹ̀," Bàbá wí. "Irọ́ ni mo pa."

"Bàbá."

"Mo ní irọ́ ni mo pa! Èmi, lẹ́nu ara mi, irọ́ ni!"

Àwọn oníbíríkì ti pé jọ, àwọn aṣẹ́gi náà ti dé. Ọ̀gá yẹn wo ojú wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọn ò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? A ò jẹ́ kí ojú ọ̀nà là. Ìyá mi ń pariwo pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ni, ta ló máa dá a lóhùn?

Ọ̀gá náà di Bàbá lápá mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fà á kúrò lẹ́yìn típà. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Kí n tó gba iṣẹ́ yìí, mo béèrè nípa ẹni tó wọn ilẹ̀. Gbogbo ìlú ló sọ fún mi pé ẹ kì í parọ́."

Ó juwọ́ sí awakọ̀. Òkúta ya sílẹ̀, eruku bo gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó ta omi ìlú, èwo nínú méjèèjì lẹ̀ bá ní kó ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Garawa ìyá mi ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ títí dòní, kò tíì kún nígbà tí wọ́n bò ó.